Orúkọ Tó Wà ní Igun Pátákó Dúrógbọ́

Ìkọ̀tún, ọ̀sán Ọjọ́rú.

Mojísọlá, Àṣàkẹ́ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá o jí dáadáa, nítorí o pè mí láàárọ̀, mo sì mọ̀ lóhùn rẹ pé inú rẹ ń dùn. O béèrè bóyá mo ti fọwọ́ sí ìwé náà. Mo ní iná fóònù mi fẹ́ tán. Irọ́ ni. Iná kún inú fóònù náà, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ẹnu mi kò gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ọwọ́ ni mo fi ṣiṣẹ́ tọ́ ọ dàgbà, kí ọwọ́ náà ṣá bá mi sọ ọ́.

Mo mọ ìṣe rẹ. O ti ń wo ìparí lẹ́tà láti mọ ibi tó já sí. Padà sókè, jàre. Fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí o jókòó. Mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí, àfi èyí tí mo kọ nígbà tí o wà nílé-ìwé, tí mo fi bú ọ nítorí bẹ́ẹ̀dì tí o fi ta ọ̀rẹ́ rẹ lọ́rẹ. Eléyìí gùn ju ìyẹn lọ, èmi sì ni èébú inú rẹ̀ bá.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: mi ò ní fọwọ́ sí ìwé náà.

Ìwé tí ọ̀gá rẹ tuntun fi rán ọ sí mi sọ pé èmi, Gbádébọ̀, ni mo kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù orin Dúrógbọ́ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ó ní èmi ni mo ni ọnà lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, àti pé mo fún ọ láyè láti sọ ọ́ di lógò fún ilé-iṣẹ́ orin tí ó fẹ́ ṣí ní Ẹ̀gbẹ́dá. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gba ìwé náà pẹ̀lú lógò, ó sì ti sọ fún ọ pé bí méjèèjì kò bá pé, iṣẹ́ rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ pátákó náà, Mojísọlá. Làmídì ló kọ ọ́. Orúkọ mi nìkan ni mo kọ.

Dìde, mu omi. Mo wà níbí, mi ò lọ síbì kankan.

Mo ń gbọ́ ọ báyìí: "Bàbá mi, kí lẹ ń sọ yìí? Ṣé ẹ ò rántí pé ọdún méjì ni mo fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pósítà ìsọjí nínú ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tóóró yẹn?" Mo rántí. Mo rántí bí o ṣe máa ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tí wàá ní kò sí nǹkan kan, tí wàá sì máa fi ojú sá fún mi. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ fún ọ.

Fọ́tò pátákó yẹn lo dàgbà bá lára ògiri pálọ̀ wa. Pátákó tó ń tàn láìsí iná. O máa ń mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá wò ó, wàá ní bàbá òun ló ṣe é, èmi á sì máa wúkọ́. Nígbà tí ọmọ oníṣọ́ọ̀bù náà, ìyẹn ọ̀gá rẹ yìí, fẹ́ jí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ dìde, ó wo fọ́tò àtijọ́, ó rí "Débọ̀ Áàtì, Ìkọ̀tún" ní igun ìsàlẹ̀. Ó béèrè mi dé àdúgbò, ó bá ọ nílé, ó sì gbọ́ pé ìwọ náà ń ṣe iṣẹ́ ọnà. Orúkọ igun yẹn ló wá ọ rí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kí n tó fẹ́ ìyá rẹ ni. Èmi àti Làmídì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, a jọ háyà ṣẹ́ẹ̀dì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkọ̀tún níbí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọmọ Ìbàdàn ni òun. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń kírun, inú abọ́ kan la sì ti ń jẹun. Èmi ni mo lẹ́nu, òun ló lọ́wọ́. Èmi ni mo máa ń pa oníbàárà lẹ́rìn-ín títí wọn ó fi gbà. Òun á dojú kọ pátákó láti àárọ̀ dalẹ́ láìfọhùn.

Bàbá ọ̀gá rẹ ń ta kásẹ́ẹ̀tì àti àwo orin. Ó ní òun fẹ́ pátákó tí yóò máa tàn bí iná òtẹ́ẹ̀lì, iná inú páìpù gíláàsì tí wọ́n ń tẹ̀ di lẹ́tà. Iná náà gan-an kò sí lágbára rẹ̀, ó ní ká fi ọ̀dà ṣe é. Mo ní kò sí ìṣòro. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é rárá. Làmídì ló lọ sí Ìkẹjà, tó dúró ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta níwájú òtẹ́ẹ̀lì kan, tó ń wo iná wọn títí ọlọ́dẹ fi lé e.

Nígbà tó padà dé, ó kun pátákó ní dúdú kirikiri. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà funfun, ó fi píńkì tẹ̀ lé e lọ́tùn-ún lósì. Ó wá fi kẹrosíìnì la ọ̀dà búlúù, ó ń fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ yí àwọn lẹ́tà náà ká, títí ó fi dà bíi pé ìmọ́lẹ̀ ń rú jáde lára wọn. Nígbà tó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo na ọwọ́ sún mọ́ ọn láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí ni mo sọ.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wa nígbà náà, tí mi ò sọ fún ọ rí, o sì mọ ìdí rẹ̀ báyìí. A kì í kọ orúkọ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a bá parí rẹ̀. A ó jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ, a ó gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ á sọdá títì, á sì wò ó láti òdìkejì. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á padà wá kọ orúkọ rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹlòmíì kì í bá a kọ ọ́. Igun yẹn ni ìwé ẹ̀rí wa, ibẹ̀ ni oníbàárà mìíràn ti ń mọ ẹni tí yóò wá.

Ọ̀dà ń gbẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá sọ fún Làmídì pé ìyá rẹ̀ ti kú. O mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Kò yọ búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo, bó ṣe wà ló bọ́ sọ́nà Ìbàdàn. Ohun tó sọ kò ju, "Débọ̀, bá mi wo pátákó yẹn."

Mo bá a wò ó. Mo rí i pé àlàfo wà lára àwọn lẹ́tà kan. Àwọn O méjèèjì kò pàdé lókè, D náà sì là nídìí, bíi fífẹ̀ ìka kan. Mo ní ikú ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo dí gbogbo àlàfo náà pa. Mo tilẹ̀ rò pé mo ń ṣe é lóore ni.

Lọ́jọ́ kẹta, oníṣọ́ọ̀bù dé. Ó dúró síwájú pátákó. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, sà." Ó dì mọ́ mi, ó ní Ọlọ́run fún mi lọ́wọ́. Ó tẹ̀ba wo igun ìsàlẹ̀, ó ní orúkọ dà. Mo kọ ọ́ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Mi ò sọdá títì kankan.

Làmídì dé lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá rẹ̀. Pátákó ti wà lókè ṣọ́ọ̀bù, iwájú rẹ̀ gan-an ló sì ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀dì, ó kó àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Ó dáa, Débọ̀." Kò bú mi, kò pariwo. Ó kó lọ sí Ẹ̀gán. Ojú sì tì mí débi pé mi ò lọ kí i kú ọ̀fọ̀ ìyá tó bí i, ìyá tó máa ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì. Nínú gbogbo ẹ̀, èyí ló burú jù.

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn. Èkíní: sọdá títì kí o tó kọ orúkọ. Mo mọ̀ pé kò sí títì nínú kọ̀ǹpútà. Gbé iṣẹ́ náà tì di ọjọ́ kejì, kí o padà wò ó bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Ohun tó bá kù díẹ̀ káàtó á hàn, ohun tí kì í ṣe tìrẹ náà á sì hàn.

Èkejì: bí wọ́n bá ń yìn ọ́, má tètè dáhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo sọ fún oníṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò sì tíì rí i kó jáde lára mi láti ìgbà náà. Ìyìn máa ń dùn létí, á ti fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ kí o tó mọ̀. Gbé itọ́ mì ná. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ rẹ dára, tí ọwọ́ ẹlòmíì sì wà níbẹ̀, dárúkọ onítọ̀hún kí ìyìn tó tutù. Bó bá fi lè di ọjọ́ kejì, á ti le, ní ọdún kejì á ti fẹ́ ẹ̀ má ṣeé ṣe mọ́. Èmi ni mo ń sọ fún ọ.

Àwọn èèyàn wá láti Ìgàndó, láti Barúwà níbi tí o wà yìí, láti Àgbàdo pàápàá, wọ́n ní àwọn ń wá Débọ̀ tó ń kọ lẹ́tà tó ń tàn. Mo kọ ọ́ fún wọn. Kò sí ọ̀kan tó tàn tó. Wọ́n á ní ó dára, èmi á mọ̀ pé kò dára. Àwọn àgbà ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan, bó da àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Èmi kò ní àrán, pátákó ni mo ń dà bora.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo wá tún jalè náà lẹ́ẹ̀kejì. O na fóònù sí mi, o ní, "Ẹ wò ó, Bàbá mi, ṣé ó jọ tiyín?" Ó jọ ọ́ gẹ́lẹ́. O yà á bó ṣe wà nínú fọ́tò, o wá fi ìràwọ̀ mẹ́ta àti hẹ́dífóònù kún un. O fi ìka tọ O àkọ́kọ́, o ní, "Ibí yìí ṣáà dà bíi pé ó kú. Mo fi kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ títí, kò gbọ́." Ojú rẹ mú, ọmọ mi. Ọwọ́ mi lo rí níbẹ̀. Mo ní, "Fi í sílẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Lánàá ni mo tó sọ fún ìyá rẹ. Ó ní, "Bàbá Mojí, ta ló ń bi yín? Làmídì tí ẹ ń wí yìí, ṣé ó fẹjọ́ sùn ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ wá panu mọ́, kí ọmọ ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀." Ó gbé àwo kúrò níwájú mi. Má bínú sí i, ìwọ ló ń rò. Láàárọ̀ òní, lẹ́yìn tí o pè tán, ó gbé fìlà mi sórí tábìlì. Ó ní, "Bó bá jẹ́ Mojí ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ńkọ́? Ẹ dìde, ẹ lọ bá a."

Ìkọ̀tún sí Ẹ̀gán, kí ló wà níbẹ̀? Ó gbà mí ní ọgbọ̀n ọdún.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń bó ọsàn. Ojú rẹ̀ òsì ti fọ́, ọ̀tún náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, àwa tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní, "Débọ̀, dìde, àwọn ará ilé ń wò wá." Ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kí i. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ pẹ́ lọ́nà." Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́, títí dé orí ìwọ àti ìwé ọjọ́ Ẹtì. Mo fi lógò rẹ hàn án lórí fóònù. Ó gbé e sún mọ́ ojú tó kù náà títí ó fi fẹ́ kan imú rẹ̀.

Mo rò pé orúkọ ni yóò bá mi jà sí. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo rí orúkọ rẹ níbẹ̀, ó dùn mí. Mo ní kí n gun àkàbà lọ pa á rẹ́. Ìgbà náà ni mo rí àwọn O. Mo rí i pé o ti dí wọn. Mo ní, tìrẹ ni kó kúkú máa jẹ́. Kì í ṣe tèmi mọ́."

Mojí, mi ò lè gbójú sókè.

Ó ṣàlàyé fún mi bí ọ̀gá ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ó ní páìpù gíláàsì kì í pàdé ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní orí, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí, ibẹ̀ ni iná ń gbà wọlé. Òun mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn àlàfo yẹn sílẹ̀ ni, nítorí ojú ẹni tó ń wò ó mọ̀, bí ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Ó ní, "Bí o bá ti dí i, ó di ọ̀dà lásán." Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń dí i, Àṣàkẹ́, mo sì ń bi Ọlọ́run léèrè ìdí tí kò fi ń tàn.

Mo bi í bóyá yóò fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ní, "Sí èyí tó wà lórí fóònù yìí? Rárá o. Jẹ́ kí ọmọ náà ṣí i, kó gbé e wá fúnra rẹ̀, kó sì tóbi, ojú mi kò gbé nǹkan kékeré mọ́. Bó bá tàn, màá mọ̀." Mo ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Mo wà nílé." Ó wá na ìdajì ọsàn sí mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mi ò mọ̀ bóyá ó dùn.

Nítorí náà, ohun tí wàá ṣe nìyí. Ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Yọ ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́. Yọ hẹ́dífóònù náà. Jẹ́ kí dúdú pọ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í hàn níbi tí gbogbo nǹkan bá ti ń tàn. Sọ ọ́ di kékeré bí èékánná, kí o rí i bóyá a ṣì lè kà á, torí orí fóònù làwọn èèyàn á ti máa rí i. Wá ṣí àwọn O méjèèjì lókè, ṣí D nídìí. Tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá, kí o gbé e lọ sí Ẹ̀gán lọ́la. Kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o pè é ní Bàbá. Ohun tó bá ní kí o tún ṣe, tún un ṣe níwájú rẹ̀.

Má bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀gá rẹ. Èmi ni mo parọ́ fún bàbá rẹ̀, èmi ni màá lọ sọ òtítọ́ fún ọmọ. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Ẹtì, màá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè gbọ́ mi yé, ó sì lè ní kí èmi àti ìwọ máa lọ. Mi ò lè ṣèlérí èyí tó máa jẹ́, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí gan-an. Bí iṣẹ́ náà bá bọ́, èmi ni kí o bínú sí. Bínú dáadáa, mo lágbára àti gbé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní lágbára àti máa kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ yẹn, kí n rí i pé mo ti kọ́ ọ ní ohun tí mo ṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìwọ ni mo rí nígbà tí mo wẹ̀yìn.

Ìyá rẹ ló ń gbé lẹ́tà yìí bọ̀. Ìwé ọ̀gá rẹ wà nínú rẹ̀. Mo fi bírò fagi lé orúkọ mi níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, mo sì kọ ti Làmídì sókè rẹ̀. Ibi ìfọwọ́sí ṣófo, òun ló ni ín, bí ó bá gbà.

Mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé e ka orí tábìlì, mo jáde lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sì wò ó láti ọ̀hún fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tó padà wá kọ orúkọ mi sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Eléyìí, èmi ni mo kọ ọ́.

Bàbá rẹ,
Gbádébọ̀.